Ìwé Ìròyìn Ọmọ, Tí Ìyá Kọ́kọ́ Ń Kà

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ ń ka ojú ewé yìí lóṣooṣù, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Bí baálé ilé bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ó fẹ̀yìn ti àga, tí ó sì ṣí ìwé ìròyìn, gbogbo ilé ni yóò mọ̀ pé bàbá ń kàwé. Àwọn ọmọ yóò rẹ ohùn wọn sílẹ̀, ẹnìkan yóò sì gbé omi tútù wá. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó rẹ̀ bá jókòó ti ìwé ìròyìn fún ìṣẹ́jú 15 péré, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i létí ni pé ṣé oúnjẹ ti jinná. Bí ìwé ọwọ́ rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ó ní àwòrán aṣọ, tàbí tí ó ń kọ́ni ní bí a ti ń se ọbẹ̀, wọ́n lè gbà á láyè díẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé iṣẹ́ ilé náà ni ó ń ṣe. Bí ó bá wá jẹ́ pé ti ẹ̀rọ ni, tàbí ti eré ọpọlọ, tàbí ti àṣà ìlú kan tí kò dé rí, àwọn ará ilé yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní, "Ìyàwó wa, kí ni tìrẹ níbẹ̀?"

Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Irú ìwé ìròyìn tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe èyí tí ó kún fún òfófó àwọn òṣèré àti ìpolówó ọjà. Èyí tí mo ń wí ni èyí tí ẹni tí ó kọ ọ́ fara balẹ̀ ronú kí ó tó mú kálàmù, tí ó mú ohun kan ṣoṣo, ìbáà ṣe ẹ̀rọ, ìbáà ṣe eré, ìbáà ṣe àṣà, tí ó sì tú u palẹ̀ títí tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀ rí yóò fi rí inú rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í yá kà. Ojú ewé méjì lè gba alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ sì wà. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín ni pé mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé, àwọn tí ọpọlọ wọn mú bí abẹ nígbà tí wọ́n wà ní kíláàsì mi. Bí a bá tún pàdé ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìgbéyàwó, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń kà kò ju ara agolo mílíìkì ọmọ lọ. Kò sí ẹni tí ó kà á léèwọ̀ fún wọn. Wọ́n kàn gbà pé àsìkò rẹ̀ ti kọjá ni.

Abiyamọ kan wà tí kò gba bẹ́ẹ̀. Marjorie Rice ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìlú San Diego ní California ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọlọ́mọ márùn-ún ni, iṣẹ́ ilé ni ó sì ń ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó kà mọ. Ìṣirò tí ó kọ́ níbẹ̀ kò ju èyí tí wọ́n fi dandan lé lọ, ó sì ti lé ní ọdún 30 tí ó ti kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ń gba ìwé ìròyìn Scientific American, èyí tí ó ti ń jáde láti ọdún 1845, tí ó ń sọ nípa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ. Orúkọ ọmọ ni ó wà lára àpòòwé, ṣùgbọ́n ìyá ni ó máa ń kọ́kọ́ kà á, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ilé sì pa rọ́rọ́.

Abala tí ó fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni èyí tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Martin Gardner ń kọ lóṣooṣù nípa eré àti àdììtú ìṣirò. Ní oṣù keje ọdún 1975, Gardner kọ ọ̀rọ̀ nípa táìlì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ níbí yìí, nítorí kò le tó bí ẹ ti rò.

Ẹ wo ilẹ̀ tí a fi táìlì onígun mẹ́rin tẹ́. Kò sí àlàfo láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan kò gun orí èkejì. Ìwọ̀n igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ díígírì 90. Igun mẹ́rin pàdé lójú kan, ó di 360, èyí tí í ṣe odindi yíyípo kan. Oyin náà mọ ọgbọ́n yìí. Ojúlé onígun mẹ́fà ni ó ń kọ́ sínú afárá rẹ̀, igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ 120, mẹ́ta pàdé, 360 náà ni. Ẹ wá mú onígun márùn-ún tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ àti igun rẹ̀ dọ́gba. Igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ 108. Bí mẹ́ta bá pàdé, 324 ni, àlàfo yóò kù. Bí mẹ́rin bá fẹ́ pàdé, 432 ni, wọn yóò gun ara wọn. Kò sí bí a ti lè tò ó tí yóò bára mu.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo onígun márùn-ún ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ẹ wo ilé tí àwọn ọmọ yín máa ń yà sínú ìwé: ilẹ̀ kan, ògiri méjì, àti òrùlé ẹlẹ́nu ṣóńṣó lókè. Onígun márùn-ún ni. Ẹ gé irú rẹ̀ bí ogún láti ara páálí, kí gbogbo wọn dọ́gba. Ẹ to àwọn kan ní ẹsẹẹsẹ, kí ògiri fara ti ògiri. Orí òrùlé wọn yóò rí bí eyín ayùn. Ẹ wá dojú àwọn ìyókù kodò, kí ẹ ki òrùlé wọn bọ àlàfo àárín òrùlé ti ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n bára wọn mu rẹ́gí. A jẹ́ pé onígun márùn-ún kan lè tẹ́ ilẹ̀, òmíràn kò lè tẹ́ ẹ. Ìbéèrè tí ó dé iwájú àwọn onímọ̀ ìṣirò ni pé, oríṣi mélòó ni ó lè tẹ́ ẹ ní gbogbo ayé, nínú àwọn tí igun wọn kankan kò tẹ̀ wọnú?

Ní ọdún 1918, Karl Reinhardt, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí oríṣi 5. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní 1968, Richard Kershner ní Amẹ́ríkà fi 3 kún un, ó ní ó parí, kò tún sí òmíràn. Ohun tí Gardner kọ sí abala rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òǹkàwé kan tí ń jẹ́ Richard James, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà, gbé ìwé ìròyìn náà sílẹ̀, ó dán an wò fúnra rẹ̀, ó sì rí ìkẹsàn-án. Gardner kò fi pamọ́. Ó kéde rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1975.

Ìgbà tí Ìyáàfin Rice ka èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wádìí tirẹ̀. Àsìkò Kérésì ni, ẹ̀yin náà sì mọ bí iṣẹ́ ti máa ń pọ̀ tó nínú ilé ní àsìkò bẹ́ẹ̀. Orí pèpéle ilé ìdáná ni ó ti ń ya àwòrán rẹ̀. Kò mọ àmì tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń lò láti kọ irú nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, nítorí náà ó dá àmì ti ara rẹ̀, àmì tí ó fi ń rántí igun tí ó pàdé igun àti ẹ̀gbẹ́ tí ó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 1976, ó di àwòrán rẹ̀ sínú àpòòwé, ó fi ránṣẹ́ sí Gardner. Gardner fi í ṣọwọ́ sí Doris Schattschneider, obìnrin onímọ̀ ìṣirò kan tí ó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Àwọn àmì àjèjì náà kọ́kọ́ rú u lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yanjú wọn tán, ó rí i pé òótọ́ ni: ìyàwó ilé yìí ti rí oríṣi tuntun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Kí ọdún 1977 tó parí, ó ti rí 4. Stein, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí ọ̀kan sí i ní 1985. Àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà rí ọ̀kan ní 2015. Ní 2017 ni Michaël Rao ní ilẹ̀ Faransé wá fi ẹ̀rí kọ̀ǹpútà hàn pé ó ti pé 15, kò tún sí òmíràn. Nínú 15 tí ó wà láyé, 4 wá láti ilé ìdáná kan ní San Diego.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó dùn mí ju bí ó ti jọ mí lójú lọ. Bí ọkọ tàbí àwọn ọmọ bá ń wọlé bọ̀, tàbí tí àlejò bá kanlẹ̀kùn, Ìyáàfin Rice máa ń fi nǹkan bo àwọn àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀. Obìnrin tí ó ń ṣe ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò tíì ṣe ni ó ń fi í pamọ́ bí ẹni tí ó jí ẹran inú ìkòkò jẹ. Onítìjú ènìyàn ni lóòótọ́. Wọ́n pè é títí kí ó wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn onímọ̀, kò gbà. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ìtìjú nìkan ni. Mo mọ irú ìbòmọ́lẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òun ni ó ń mú wa ju ìwé sẹ́yìn tìmùtìmù nígbà tí a bá gbúròó ẹsẹ̀ ìyá ọkọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kí a sì sáré mú ìgbálẹ̀. Ní ọdún 1995, Schattschneider rí i mú wá sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò kan ní Los Angeles, òun àti ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà tán, ó tọ́ka sí i láàárín èrò, gbogbo wọn sì dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ní 1999, wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn àwòrán rẹ̀ tẹ́ táìlì sí àbáwọlé ilé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà ní Washington. Ọdún 2017 náà ni ó kú, ní ẹni ọdún 94.

Ẹ kíyè sí i pé kò ka ìwé ìròyìn yẹn nítorí kí ó lè di olókìkí. Adùn ni ó mú un. Ó máa ń jẹ mí lẹ́nu láti tẹnu mọ́ èyí, nítorí pé bí àwa olùkọ́ bá fẹ́ gba àwọn obìnrin níyànjú láti kàwé, àǹfààní ni a máa ń kà sílẹ̀: yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ àmúrelé ọmọ, yóò jẹ́ kí o lè bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀, yóò mú owó wọlé. Kò sí ẹni tí ń bi ọkùnrin tí ó ń ka ojú ewé bọ́ọ̀lù pé èrè wo ni ó ń rí níbẹ̀.

Síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ mi ti jẹ́ iṣẹ́ ilé, ojú mi kò ní ṣàì rí bí ọ̀rọ̀ táìlì yìí ti wọnú iṣẹ́ náà. Ní yàrá ìránṣọ, mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gé síkẹ́ẹ̀tì alábala mẹ́fà. Abala kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín níbi ìbàdí, ó sì fẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tí kò ronú yóò kọ orí gbogbo wọn sí apá kan, àlàfo onígun mẹ́ta yóò sì ṣòfò láàárín wọn. Ẹni tí ó ronú yóò dorí ọ̀kan sókè, yóò dorí èkejì sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé orí páálí ìjẹ́ẹ̀ta, aṣọ yóò sì ṣẹ́kù tí yóò tó ṣòkòtò péńpé fún ọmọ. (Àfi bí àwòrán ara aṣọ náà bá ní òkè àti ìsàlẹ̀. Nígbà náà, ẹ gbà kí ó ṣòfò, nítorí ẹyẹ tí ó dorí kodò ní ìbàdí obìnrin kò bójú mu.) Àwọn aládìrẹ wa tí wọ́n ń pín aṣọ sí ojúlé ojúlé kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ ya ọnà sí i ń ṣe ohun kan náà. Ìmọ̀ yìí ti wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí yóò sọ fún wa pé ìṣirò ni ni kò wá.

Níbi yìí ni ó ti yẹ kí n yin Gardner díẹ̀. Láti ọdún 1957 títí dé 1981 ni ó fi kọ abala yẹn, bẹ́ẹ̀ kò sì kọ́ ìṣirò kọjá ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìmọ̀ ọgbọ́n orí ni ó kà ní yunifásítì. Kí ó tó dé ibẹ̀, ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé ni ó ti ń ṣiṣẹ́, tí ó ń ronú ohun tí ọmọ lè fi bébà ká tàbí kí ó gé. Mo rò pé ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń ṣàlàyé. Ẹni tí ó bá ti ṣàlàyé fún ọmọ ọdún márùn-ún kò ní fi ọ̀rọ̀ ńláńlá dẹ́rù ba ìyá rẹ̀. Àmì tí ẹ lè fi mọ ìwé ìròyìn tí ó níláárí nìyẹn: ẹ ó ka ojú ewé àkọ́kọ́, ohun tí kò yé yín yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rò pé ẹni tí ó kọ ọ́ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yín.

Bí ti táìlì bá jìnnà sí yín, ẹ jẹ́ kí a wá sídìí ọpọ́n ayò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Computer, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde láti ọwọ́ John Romein àti Henri Bal, àwọn olùwádìí ní yunifásítì kan ní Amsterdam. Awari ni wọ́n pe ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dàgbà nídìí ọpọ́n yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, a sì ń jẹ nígbà tí ọmọ ayò tí ó bọ́ kẹ́yìn bá sọ ihò ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ayò yóò já sí bí ọ̀ta méjì bá ń ta á tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ṣìṣe rárá. Wọ́n so ọpọlọ kọ̀ǹpútà 144 pọ̀, wọ́n sì fi wákàtí 51 ṣe é. Gbogbo ọ̀nà tí ọmọ ayò lè gbà wà lórí ọpọ́n ni ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò, ó sì jẹ́ 889,063,398,406. Ọ̀mì ni ó já sí. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí bàbá àgbà bá jẹ ayò, tí ó ń pe alátakò rẹ̀ ní ọ̀pẹ, ẹ lè sọ fún un pé ẹ̀rọ ti jẹ́rìí sí i: ẹni tí a jẹ ti ṣìṣe níbìkan ni.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi níbẹ̀ kì í ṣe pé òyìnbó yin eré wa. Ohun tí mo rí ni pé eré tí a ń lé ọmọ kúrò nídìí rẹ̀ pé kí ó lọ kàwé, ìwé ni wọ́n kọ nípa rẹ̀. Ó sì mú kí n tún ojú wo eré inú fóònù tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lónìí. Ayò ní òpin. Bí ọmọ ayò bá tán lórí ọpọ́n, a ó kà á, a ó mọ ẹni tí ó jẹ, a ó sì dìde lọ jẹun. Ọ̀pọ̀ nínú eré inú fóònù ni kò ní òpin. Ẹni tí ó ṣe é ti ro ìgbà tí yóò ta ọmọ lọ́rẹ kékeré kan, kí ó má baà dìde. Èmi kò sọ pé kí ẹ gba fóònù. Ìyá tí ó ti kà nípa bí wọ́n ti ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ lè jókòó ti ọmọ, kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ìgbà wo ni eléyìí ń parí?" kí àwọn méjèèjì sì jọ wá a. Ìbéèrè yẹn wúlò ju ariwo lọ.

Ní ti àṣà, a ti ní tiwa rí. Ọdún 1933 ni ìwé ìròyìn The Nigerian Teacher bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ olóòtú rẹ̀, E. H. Duckworth, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nigeria, òun ni gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí Nigeria Magazine. Ọdún ìbílẹ̀, aṣọ híhun, ọnà gbígbẹ́ àti ìlú àtijọ́ ni ó ń kọ nípa wọn, pẹ̀lú fọ́tò tí ó mọ́ gaara. Àwọn òbí yín lè rántí Atọ́ka pẹ̀lú, tí ó ń fi fọ́tò àwọn òṣèré orí ìtàgé sọ ìtàn ní èdè Yorùbá. Méjèèjì kò jáde mọ́. Àtijọ́ wọn ṣì wà ní àwọn ilé ìkàwé yunifásítì àti lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ìwé àlòkù, èyí tí ẹ bá sì rí rà, ẹ má dúná dúrà jù.

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni ó yẹ kí ó dí yín lọ́wọ́. Ìyàwó mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní àdúgbò kan lè dáwó jọ, kí wọ́n máa ra ìwé ìròyìn kan lóṣù, kí ó sì máa yípo bí èsúsú. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ wà tí a kì í sanwó fún. Quanta jẹ́ ọ̀kan, nípa sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, òun ni ó kọ ìtàn Ìyáàfin Rice ní ọdún 2017 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé tí ẹ fẹ́ kà láàárọ̀, kí ẹ pa dátà, kí ẹ sì máa kà á bí àyè bá ti ń yọ. Àkókò tí ẹ̀wà fi ń jinná tó láti ka àpilẹ̀kọ kan. Ẹ̀wà ni mo wí o. Ẹni tí ó bá ń dín dòdò kí ó gbé ìwé sílẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ púpọ̀ nínú wọn, mo sì mọ̀ pé èyí ń lé àwọn mìíràn sá. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn ni kí ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ ibi tí kò yé yín, kí ẹ ka á lọ síwájú, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún ẹnìkan ní èdè Yorùbá ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ibi tí ẹ kò bá ti rí Yorùbá rẹ̀ sọ ni ibi tí kò tíì yé yín, kì í ṣe ibi tí Yorùbá kò tó. Ẹ wò ó bí a ti sọ ti táìlì: igun, ẹ̀gbẹ́, àlàfo, ìwọ̀n. Gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ ó sì sọ ọ́ fún kò ní láti jẹ́ ọkọ, ọmọ ọdún méje dára púpọ̀, nítorí yóò bi yín ní "kí ló dé?" títí tí ẹ̀yin fúnra yín yóò fi padà sí ojú ewé náà.

Ó ku ti ìtọ́jú wọn. Ẹ má to ìwé ìròyìn sórí ilẹ̀ símẹ́ńtì, nítorí ikán kì í béèrè ohun tí a kọ kí ó tó jẹ ẹ́, ọ̀rinrin ilẹ̀ a sì máa lẹ ojú ewé mọ́ra. Orí pákó tí ó kúrò lára ògiri díẹ̀ ni kí wọ́n wà, kí ẹ máa kó wọn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ gbọn eruku wọn. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀ kí ó má fi wọ́n dá iná tàbí kí ó fi wọ́n di ẹ̀pà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì yá ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sílẹ̀, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ baálé ilé.